Ìlà 5 nínú omi ọ̀pá ẹ̀yìn, 2 nínú ẹ̀jẹ̀: ṣé MS ni àbí kì í ṣe òun? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Àdùkẹ́ M.
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará. Àbúrò mi obìnrin ni, ẹni ọgbọ̀n ọdún, Manchester ló ń gbé. MS (multiple sclerosis, àìsàn tí ara fi ń bá ọpọlọ àti mùdùnmúdùn ọ̀pá ẹ̀yìn tirẹ̀ jà) là ń bẹ̀rù. Ojú òsì rẹ̀ ṣú, ó sì ń dùn ún tó bá yí ẹyinjú. Ojú náà ti ń là padà báyìí. MRI (ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara) rí àpá mélòó kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò tí omi ń gbé nínú ọpọlọ, ó tún rí ẹyọ kan kékeré nínú mùdùnmúdùn ọ̀pá ẹ̀yìn níbi ọrùn. Kò sí ọ̀kankan tó tàn nígbà tí wọ́n fún un ní gadolinium (oògùn tó ń mú kí àpá tuntun tàn nínú àwòrán). Wọ́n wá gba omi ọ̀pá ẹ̀yìn. Èsì ti wọlé sórí fóònù rẹ̀, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí yóò rí dókítà ṣì jìnnà. Bó ṣe wà nìyí:

Sẹ́ẹ̀lì funfun 7, sẹ́ẹ̀lì pupa 900. Protein 0.45 g/L. Ṣúgà 3.3 nínú omi, 5.2 nínú ẹ̀jẹ̀. Albumin (protein kan) 210 mg/L nínú omi, 42 g/L nínú serum (omi tó ń kù bí ẹ̀jẹ̀ bá ti dì). IgG (protein tí ara fi ń gbógun ti kòkòrò) 40 mg/L nínú omi, 12.5 g/L nínú serum. Kappa free light chain (ègé kékeré lára irú protein bíi IgG) 0.9 mg/L nínú omi, 15 mg/L nínú serum. Oligoclonal bands: ìlà 5 nínú omi, 2 nínú wọn wà nínú serum náà, "pattern 3".

Ẹnì kan tó ń ṣiṣẹ́ ọsibítù ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní tí ìlà bá ti wà nínú ẹ̀jẹ̀, kì í ṣe MS mọ́. Ẹlòmíràn ṣe ìṣirò IgG index, ó ní kò ga, ká lọ fọkàn balẹ̀. Ta ni ká gbọ́ tirẹ̀ nínú àwọn méjèèjì?

Bàbá Láàbù
Àdùkẹ́, ẹ má gbọ́ ti ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ẹ jẹ́ ká mú un lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ohun tí a ń ṣe ní láàbù ni pé a ó dín serum kù títí IgG inú rẹ̀ yóò fi bá ti omi dọ́gba, a ó wá sá àwọn méjèèjì sórí gel kan náà, ẹ̀gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́. Iná mànàmáná á fa IgG lọ síbi tí pH ti bá a mu, yóò sì dúró síbẹ̀. Bó bá jẹ́ IgG oríṣiríṣi ló pọ̀ níbẹ̀, yóò kàn ràn káàkiri bí èéfín ni. Bó bá jẹ́ pé ìdílé sẹ́ẹ̀lì díẹ̀ ló ń pọn ọ́n jáde, yóò kó jọ di ìlà tó mú. Ojú la fi ń kà á, ẹni méjì ló sì yẹ kó kà á.

Ọ̀nà márùn-ún ni èsì lè gbà jáde. Pattern 1: kò sí ìlà níbì kankan. Pattern 2: ìlà wà nínú omi, kò sí nínú ẹ̀jẹ̀, òun ló wọ́pọ̀ jù nínú MS. Pattern 3: ìlà wà níhà méjèèjì, ṣùgbọ́n omi ní àwọn kan tí ẹ̀jẹ̀ kò ní. Pattern 4: ìlà kan náà gẹ́lẹ́ ló wà níhà méjèèjì, tó fi hàn pé inú ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ti ṣe é kó tó jò wọ inú omi. Pattern 5: ìlà tó tò léra wọn bí àkàbà níhà méjèèjì, èyí tó ń tọ́ka sí IgG onídìílé kan ṣoṣo nínú ẹ̀jẹ̀, ọ̀rọ̀ oníṣègùn ẹ̀jẹ̀ nìyẹn.

Pattern 4 ni ará ṣọ́ọ̀ṣì yín ń sọ, ó kàn fi pe 3 ni. Ìlà tó wà nínú omi tí kò sí nínú ẹ̀jẹ̀ la ń kà. Mú 2 kúrò nínú 5, ó ku 3. Ìlà 2 ni ọ̀pọ̀ láàbù ń béèrè kí wọ́n tó kọ ọ́ pé ó wà. Ti àbúrò yín wà.

Ìṣirò wá kù. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kọsẹ̀ ni pé wọ́n á fi mg/L ti omi pín g/L ti serum láì sọ wọ́n di ọ̀kan náà. Ẹ kọ́kọ́ sọ gbogbo rẹ̀ di mg/L.

Albumin: 210 tí a pín sí 42,000 jẹ́ 0.005. Ẹ̀dọ̀ nìkan ló ń ṣe albumin, kò sí èyí tí ọpọlọ ń ṣe, nítorí náà 0.005 yìí ń sọ bí ògiri tó wà láàrin ẹ̀jẹ̀ àti omi ṣe ń jò tó. Ibi tó lè ga dé ń tẹ̀lé ọjọ́ orí: ẹ pín ọjọ́ orí sí 15, ẹ fi 4 kún un, ìyẹn nínú ẹgbẹ̀rún. Ọgbọ̀n ọdún fún wa ní 6. Òun ní 5. Ògiri rẹ̀ kò jò.

IgG: 40 tí a pín sí 12,500 jẹ́ 0.0032. Ẹ pín ìyẹn sí 0.005, ẹ ó rí 0.64, òun ni IgG index. Ààlà tí ọ̀pọ̀ láàbù ń lò ni 0.7, òótọ́ ni pé kò ga.

Kappa: 0.9 tí a pín sí 15 jẹ́ 0.06. Ẹ pín in sí 0.005, ó di 12, òun ni kappa index. Ààlà tí wọ́n fẹnu kò lé lórí ni 6.1. Ìlọ́po rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pé méjì.

Àdùkẹ́ M.
Ẹ ṣeun gan-an, sà. Ó yé mi dé ibi ìlà. Ṣùgbọ́n báwo ni IgG index ṣe máa sọ pé kò sí nǹkan, tí kappa àti ìlà á sọ pé nǹkan wà? Ṣé kì í ṣe pé ẹ̀rọ kan ṣìṣe ni?

Bàbá Láàbù
Kò sí ẹ̀rọ tó ṣìṣe. Iye ni IgG index ń wò. Bí ìwọ̀nba tí wọ́n ń ṣe nínú ọpọlọ bá kéré, èyí tó ń ti ẹ̀jẹ̀ wọlé yóò bò ó mọ́lẹ̀. Gel kò bìkítà nípa iye, bí ó ṣe tò ló ń wò, ìdí nìyẹn tó fi ń rí ohun tí index kò rí. Ẹni tí ìlà rẹ̀ wà tí index rẹ̀ kò sì ga pọ̀ láàrin àwọn tó ní MS. Nítorí náà, index tí kò ga kò pa ìlà rẹ́ láé.

Ní ti kappa, kídìnrín máa ń yára gbá a kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, ìwọ̀nba díẹ̀ ló kù tó lè jò wọlé. Bí sẹ́ẹ̀lì B (irú sẹ́ẹ̀lì funfun tí ìdílé rẹ̀ ń ṣe IgG) bá ń ṣe é nínú ọpọlọ, ó hàn kedere. Ẹni tí kídìnrín rẹ̀ ń ṣàárẹ̀, kappa inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á ga, a kì í sì í ka ti omi nìkan láì pín in sí ti ẹ̀jẹ̀.

Táyé Leeds
Ẹ̀gbọ́n, kí ló wá dé tí wọ́n ṣì ń ṣe wàhálà gel? Ẹ̀rọ ń ka kappa láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀, nọ́ńbà ló ń fún wa, kò sí pé ojú ẹnì kan rí ìlà tí ti ẹlòmíràn kò rí.

Bàbá Láàbù
Mo gbà pẹ̀lú rẹ dé ààyè kan. Ìlànà McDonald (èyí tí àwọn dókítà fi ń mọ̀ bóyá MS ni) ti 2024, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2025, ti gbà kappa index láyè láti dúró fún ìlà. Ti 2017, ìlà nìkan ló mọ̀. Láàbù tó bá fẹ́ kó kọ́kọ́ ṣe kappa, kó sá gel fún àwọn tí nọ́ńbà wọn bá wà nítòsí ààlà, n kò ní bá a jà. Ṣùgbọ́n kappa kò lè sọ fún ọ pé pattern 4 lo ní, tàbí pé IgG onídìílé kan ṣoṣo wà nínú ẹ̀jẹ̀. Gel ń sọ ọ́. Lójú tèmi, kí àwọn méjèèjì ṣì wà pọ̀ fún ìgbà díẹ̀ sí i.

Nọ́ọ̀sì Ṣadé
Ẹ pẹ̀lẹ́, àǹtí Àdùkẹ́. Sẹ́ẹ̀lì pupa 900 yẹn, ẹ má jẹ́ kó bà yín lẹ́rù. Abẹ́rẹ́ ló gún iṣan ẹ̀jẹ̀ kékeré kan lọ́nà. Bí wọ́n bá ka túùbù kìíní àti èyí tó gbẹ̀yìn, tí pupa ń dín kù láti àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn, ìdáhùn nìyẹn. Fún bí pupa 500 sí 1,000, wọ́n máa ń yọ funfun 1 kúrò, nítorí náà 7 rẹ̀ yóò di nǹkan bí 6. Kò yí nǹkan kan padà. Ẹ̀jẹ̀ tó bá pọ̀ gan-an nìkan ló ń ba iye IgG àti albumin jẹ́, torí serum ti dà sínú omi.

Ohun mìíràn tó dára nínú èsì yìí ni ohun tí kò sí níbẹ̀. Nínú MS, funfun kì í sábà kọjá 50, irú èyí tí wọ́n ń pè ní lymphocyte ló sì ń pọ̀ jù nínú wọn. Protein kì í sábà kọjá 1 g/L. Ṣúgà omi rẹ̀ ju ìdajì ti ẹ̀jẹ̀ lọ. Tí wọ́n bá rí funfun tó ju 50 lọ, tàbí neutrophil (irú sẹ́ẹ̀lì funfun mìíràn), tàbí ṣúgà tó lọ sílẹ̀, ikọ́ ẹ̀gbẹ, àkóràn mìíràn tàbí sarcoidosis (àìsàn tó ń mú kí kókó kéékèèké wú nínú ara) ló yẹ kí wọ́n máa wá kiri.

Dókítà Inú Ilé
Ẹ jẹ́ kí n wọ̀ ọ́ níbi tí mo rò pé ọ̀rọ̀ wà gan-an. Gbogbo ohun tí Bàbá Láàbù sọ tọ̀nà, ṣùgbọ́n ìlà kò lórúkọ àìsàn lára. Ohun tó ń sọ ni pé sẹ́ẹ̀lì B ti tẹ̀dó sínú ọpọlọ, ó sì ń ṣe IgG níbẹ̀. HIV lè fa ìyẹn, syphilis tó wọ ọpọlọ lè fà á, HTLV-1 (fáírọ́ọ̀sì kan), sarcoidosis àti lupus (àìsàn tí ara fi ń bá ara rẹ̀ jà) náà lè fà á. Ìlà 2 tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tilẹ̀ ń béèrè pé kí ló ń ru ara sókè níta ọpọlọ. Ó lè jẹ́ àkóràn lásán. Ṣùgbọ́n àyẹ̀wò HIV, syphilis, ANA (fún irú àìsàn bíi lupus), fítámì B12 àti fọ́tò àyà kì í ná ni lówó púpọ̀, kí wọ́n ṣe wọ́n.

Bí wọ́n bá ṣe wọ́n tí wọn kò rí nǹkan, ìlànà á wọlé. MRI rẹ̀ ti fi àpá hàn ní ibi méjì nínú àwọn ibi tí 2017 ń kà: ẹ̀gbẹ́ ihò omi ọpọlọ àti mùdùnmúdùn ọ̀pá ẹ̀yìn. Ìyẹn ni pé àìsàn ti tàn dé ibi tó ju ẹyọ kan lọ. Èyí tó ṣẹ́ kù ni ẹ̀rí pé ìgbà tó yọjú ju ẹyọ kan lọ. Ìlà inú omi ni 2017 gbà láti fi rọ́pò ẹ̀rí yẹn, kí aláìsàn má baà dúró de ìkọlù kejì kó tó rí oògùn. Ti 2024 fi iṣan ojú (èyí tó so ẹyinjú mọ́ ọpọlọ) kún àwọn ibi tí a ń kà, ó di márùn-ún, ó sì ní bí àpá bá ti wà ní mẹ́rin nínú wọn, ẹ̀rí ìgbà kò pọn dandan mọ́.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni tó kọ oògùn MS fún obìnrin aláwọ̀ dúdú tí iṣan ojú rẹ̀ wú, ẹ béèrè ìbéèrè kan: ṣé wọ́n ti ṣe àyẹ̀wò AQP4 àti MOG, àwọn protein tó máa ń wà nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni tí àìsàn tó jọ MS bá ń ṣe? NMOSD, àìsàn mìíràn tó ń kọlu iṣan ojú àti mùdùnmúdùn ọ̀pá ẹ̀yìn, tí AQP4 ń tọ́ka sí, wọ́pọ̀ láàrin aláwọ̀ dúdú ju bó ṣe wọ́pọ̀ láàrin òyìnbó lọ, ó sì máa ń fara jọ MS níbẹ̀rẹ̀. Oògùn MS bí interferon beta, natalizumab àti fingolimod lè mú un burú sí i. Ìyẹn kì í ṣe àṣìṣe kékeré, ojú lè lọ pátápátá.

Ó dùn mọ́ mi pé èsì tirẹ̀ kò jọ NMOSD. Ìlà kì í pọ̀ nínú NMOSD àti MOGAD (àìsàn tí MOG ń tọ́ka sí), ìdá díẹ̀ nínú àwọn aláìsàn ló ń ní in, ó sì lè pòórá lẹ́yìn ìgbà díẹ̀. Àpá mùdùnmúdùn ti NMOSD sábà máa ń gùn tó egungun ẹ̀yìn mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ ní tirẹ̀ kéré. Òsúkè tàbí èébì tí kò dáwọ́ dúró fún ọjọ́ mélòó kan, ojú méjèèjì tó ṣú lẹ́ẹ̀kan, ṣé ó ní irú ìyẹn rí?

Àdùkẹ́ M.
Rárá, dókítà. Ojú kan ṣoṣo ni, kò sí òsúkè. Mo ti ní kó wo fóònù rẹ̀ dáadáa: kò rí AQP4, kò rí MOG níbẹ̀. Ṣé inú omi yẹn ni wọ́n á ti ṣe é, àbí wọ́n á tún gún un?

Dókítà Inú Ilé
Wọn kò ní gún un mọ́. Inú ẹ̀jẹ̀ ni AQP4 ti ń hàn jù, ti omi kò fi bẹ́ẹ̀ ṣàfikún. MOG náà, ẹ̀jẹ̀ la kọ́kọ́ ń lò.

Ìyàwó Ìbàdàn
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí pé mo já lu ọ̀rọ̀. Ìbàdàn ni àwa wà, wọ́n fẹ́ gba omi ọ̀pá ẹ̀yìn ọkọ mi lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Wọ́n ní wọ́n máa fi omi náà ránṣẹ́ sí òkè òkun torí ìlà yìí. Kí ló yẹ ká ṣọ́ kó má lọ bàjẹ́ lọ́nà? Ó sì ń bẹ̀rù abẹ́rẹ́ náà gan-an.

Bàbá Láàbù
Ìyàwó wa, ìbéèrè yín ṣe pàtàkì, torí omi tí wọ́n gbà láì gba ẹ̀jẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ ló ń ba ọ̀pọ̀ àyẹ̀wò jẹ́. Ọjọ́ kan náà, wákàtí kan náà bó bá ṣeé ṣe, ni kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ọ̀sẹ̀ tó kọjá tí wọ́n bá lọ yọ nínú fírísà kò dára. Omi nìkan tí kò ní serum, gel kò lè sọ bóyá pattern 2 ni tàbí 4, owó yín á sì wọgbó.

Kí wọ́n gba bí 10 ml. Ẹ má jẹ́ kó dà bíi pé ó pọ̀: nǹkan bí 150 ml ló wà lára àgbàlagbà, ara sì ń ṣe bí 500 ml lójúmọ́, ohun tí wọ́n gbà á ti padà kí wákàtí kan tó pé. Túùbù oníke polypropylene ni kí wọ́n lò, torí protein kan máa ń lẹ̀ mọ́ ara ike polystyrene. Kí wọ́n kọ 1, 2, 3, 4 sí wọn lára bí wọ́n ṣe ń kún.

Iye sẹ́ẹ̀lì kò gbọdọ̀ rìnrìn àjò. Níbẹ̀ ní Ìbàdàn ni kí wọ́n ti kà á, kí wákàtí kan tó pé, torí sẹ́ẹ̀lì ń fọ́ nínú omi yẹn kíákíá. Protein, ṣúgà, àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ àti kòkòrò, níbẹ̀ náà ni. Èyí tó ń lọ òkè òkun ni ti ìlà àti kappa: 1 ml omi àti 1 ml serum sábà máa ń tó, ṣùgbọ́n ẹ bi láàbù tó fẹ́ gbà á léèrè kí ẹ tó gún un. Kí wọ́n jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ náà dì fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí wọ́n fi ẹ̀rọ pòyì í, kí wọ́n sì gé serum sọ́tọ̀. Ẹ̀jẹ̀ odidi kò gbọdọ̀ wọ inú fírísà.

IgG kò tètè bàjẹ́. Nínú fíríìjì, ní 4°C, ó lè wà fún ọjọ́ mélòó kan. Bó bá máa pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó wọ fírísà kó sì máa dì títí dé ibi tó ń lọ. Èyí tó ń dì, tó ń yọ́, tó tún ń dì nínú kúlà, torí iná lọ tàbí torí yìnyín tán, ìyẹn ló ń ba nǹkan jẹ́. Kí orúkọ, ọjọ́ àti wákàtí tó wà lára omi àti serum bára mu pátápátá; láàbù ń dá ẹrù padà nítorí èyí ju bí ẹ ṣe rò lọ.

Nọ́ọ̀sì Ṣadé
Ìyàwó wa, ẹ sọ fún ọkọ yín pé ibi tí wọ́n máa gún, láàrin egungun ìbàdí L3 àti L4 tàbí L4 àti L5, mùdùnmúdùn ọ̀pá ẹ̀yìn ti parí lókè ibẹ̀, ní nǹkan bí L1 sí L2. Iṣan tó ń léfòó nínú omi ló kù níbẹ̀, abẹ́rẹ́ sì máa ń tì wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí ẹsẹ̀ bá ta á bí iná, kó sọ̀rọ̀, wọ́n á yí abẹ́rẹ́ díẹ̀.

Ẹ béèrè bóyá wọ́n ní abẹ́rẹ́ Sprotte tàbí Whitacre, 22G tàbí tó tín-ín-rín jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹnu wọn kò mú bí ọ̀bẹ, ńṣe ló ń la awọ gba àárín dípò kó gé e, omi kì í sì í jò púpọ̀ lẹ́yìn náà. Bí omi bá ń jò lórí ń fọ́: tó bá dìde ó fọ́, tó bá dùbúlẹ̀ ó rọ̀. Dídùbúlẹ̀ tọ́sàn-tòru lẹ́yìn abẹ́rẹ́ kò dènà rẹ̀, bí àwọn èèyàn tilẹ̀ gbà á gbọ́. Kó mu omi, kó lo paracetamol, kọfí náà ń ran ẹlòmíràn lọ́wọ́. Bí kò bá lọ lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, kó padà lọ. Wọ́n lè fi ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ dí ihò náà. Ibà, ọrùn líle, ẹsẹ̀ tó rọ, ìtọ̀ tí kò jáde: kó má dúró dilẹ̀, ọjọ́ náà ni.

Bó bá ń lo warfarin, rivaroxaban tàbí oògùn mìíràn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, kí dókítà mọ̀ ṣáájú. Platelet (ohun tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dì) tó bá lọ sílẹ̀ púpọ̀, wọn kò ní gún un.

Dókítà Inú Ilé
Mo fi kún un: bó bá ṣeé ṣe, kí wọ́n gba omi àti ẹ̀jẹ̀ kó tó gba steroid inú iṣan. Ìlà sábà máa ń dúró, ṣùgbọ́n steroid gíga lè fa kappa index wálẹ̀. Àmọ́ bí ojú bá ń kú lọ tàbí ẹsẹ̀ ń rọ, ẹ má dá steroid dúró torí àyẹ̀wò.

Táyé Leeds
Wọ́n ń pariwo neurofilament báyìí. Ṣé kò yẹ kí àbúrò Àdùkẹ́ ṣe é? Ṣé wọ́n á sì máa gba omi lọ́dọọdún láti mọ̀ bóyá oògùn ń ṣiṣẹ́?

Bàbá Láàbù
Neurofilament ń sọ pé okùn iṣan ń fọ́. Kò sọ ẹni tó ń fọ́ ọ. Stroke ń gbé e sókè, orí tó fara gbá ń gbé e sókè, ọjọ́ orí nìkan náà ń gbé e sókè. Ó wúlò fún títọpa ẹni tí a ti mọ̀ pé MS ló ń ṣe é, ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n sì lè fi ṣe é, kò ní omi nínú. Fún orúkọ àìsàn, kò wúlò.

Ìlà, ẹni tó bá ti ní in nínú MS sábà máa ń gbé e dàgbà ni. Títún un ṣe kò ní sọ bóyá oògùn ń ṣiṣẹ́. MRI ló ń sọ ìyẹn. Ìgbà tí mo rí i pé ó yẹ ká tún omi gbà ni tí ìlà àkọ́kọ́ bá jẹ́ ẹyọ kan péré, tí ọ̀rọ̀ náà kò sì yanjú.

Àdùkẹ́ M.
Ẹ ṣé o, ẹ̀yin àgbà. Àbúrò mi ti pe ọsibítù náà. Wọ́n ní àwọn máa gba ẹ̀jẹ̀ fún AQP4 àti MOG lọ́jọ́bọ̀, kí dókítà tó rí i. Ṣé ohun kan wà tó yẹ kó sọ fún ẹni tó ń gba ẹ̀jẹ̀?

Nọ́ọ̀sì Ṣadé
Kó ní kí wọ́n kọ "cell-based assay" (ọ̀nà tí wọ́n fi sẹ́ẹ̀lì ṣe àyẹ̀wò náà) sórí fọ́ọ̀mù, torí ELISA, ọ̀nà kejì, máa ń pàdánù àwọn kan, ó sì máa ń fúnni ní èsì tí kì í ṣòótọ́ nígbà mìíràn. Kó sọ bóyá wọ́n ti fún un ní steroid nígbà tí ojú ṣú, àti ọjọ́ tó parí rẹ̀. Èsì AQP4 tí kò rí nǹkan lẹ́yìn steroid, wọ́n lè ní kó tún un ṣe lẹ́yìn oṣù mélòó kan tàbí bí ìkọlù mìíràn bá dé. Túùbù tí a fi ń gba serum ni, kò ní láti gbààwẹ̀.